Kí Àṣẹ Tó Dé

Èmi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ibafo. Nígbà tí a wọ ètò inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba, inú wa dùn. Àwọn télọ̀, bíríkìlà àti awakọ̀ tí kì í wá títí àìsàn yóò fi dá wọn gúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè yọjú. Ṣùgbọ́n òfin ètò náà le. A kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní káàdì, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kò ní sanwó iṣẹ́ abẹ kankan fún wa, àfi tí ọ́fíìsì wọn ní Abẹ́òkúta bá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà àṣẹ ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyàwó télọ̀ kan dé pẹ̀lú ìrọbí. Ọmọ ti dábùú sínú rẹ̀. Mo pe ọ́fíìsì, fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mo tún pè. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di káàdì mú bí ẹni pé káàdì yẹn ni yóò gbẹ̀bí. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn bi mí bóyá àṣẹ ti dé. Mo ní kò tíì dé. Ó wo obìnrin náà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ìyá yè, ọmọ yè. A ti rán ojú abẹ tán kí nọ́ńbà tó dé, ìjọba sì kọ̀, wọn ò sanwó, nítorí iṣẹ́ ti ṣáájú àṣẹ.

Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn wa, láti Mowe títí dé Ifọ̀, rán èmi àti dókítà kan láti Mowe lọ sí Abẹ́òkúta. A bẹ̀ wọ́n pé tó bá di pàjáwìrì, kí àṣẹ máa tẹ̀lé iṣẹ́. Obìnrin tó gbà wá lálejò kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún wa lómi, ó fetí sílẹ̀, ó ní òun náà ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọ̀gá kò tíì fèsì.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, tẹ́ ẹ bá gbowó lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á yọ yín. Tẹ́ ẹ bá lé wọn, wọ́n á fìyà jẹ yín. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún yín."

Bí a ṣe ń bọ̀, dókítà Mowe ní òun ò ṣe mọ́. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, èmi náà sọ fún ọ̀gá mi pé ká jáde nínú ètò náà. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n lọ sọ fún àwọn aláìsàn tó wà níta.

Mo jáde. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru na káàdì sí mi, ó ní ṣé oògùn òun ti dé. Mo gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ìyá jókòó, pé mò ń bọ̀.

Dókítà Mowe jáde lóòótọ́, àwa kò jáde. Ọ̀dọ̀ wa làwọn aláìsàn rẹ̀ ń wá báyìí. A ti ra bẹ́ǹṣì mìíràn.