Abẹ́rẹ́ Eku

Làkúrègbé ni gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń pe ohun tó ń ṣe ìyá mi. Dókítà ní làkúrègbé lóòótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó lásán: àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ ló ń bá oríkèé rẹ̀ jà. Ìyá mi ní òun ò bá ẹnikẹ́ni níjà.

Ó ti ta mílíìkì ní ọjà Òkè Àrin títí ìka rẹ̀ ò fi lè ṣí páálí mọ́. Ìyẹn ò dùn ún tó ti ìrun. Orúnkún rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀, orí àga ló wá ń kírun. “Ṣé bí mo ṣe máa kú nìyí, tí iwájú orí mi ò ní kanlẹ̀ mọ́?” Ojoojúmọ́ ló ń bi mí, àfi bíi pé èmi ni mo ni orúnkún.

Oògùn oníhóró ò ràn án mọ́. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tuntun kan wà, ara ohun alààyè ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò àyà rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ náà má lọ jí ikọ́ ife tó bá ń sùn níbẹ̀.

“Ohun alààyè wo?” ni ìyá mi bi í.

Dókítà yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́. “Inú sẹ́ẹ̀lì eku kan ni, Màmá.” Ó wù mí kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó tún fi kún un pé: “Eku kékeré ni.”

Ìyá mi gbé báàgì rẹ̀, ó di ilé. “Kí n gba eku sára, kí n wá lọ forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run? Ṣé orí ẹ pé?”

Orí mi gbóná. Mo lọ pe Àáfà wá.

Àáfà bi mí bóyá wọ́n ní kó jẹ ẹ́. Mo ní rárá. Ṣé oògùn mìíràn wà? A ti lò wọ́n tán. Ó ní, “Alhaja, Ọlọ́run ò fẹ́ ni yín lára. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yín.” Ó wá fà mí sẹ́yìn, ó bi mí bóyá abẹ́rẹ́ náà gbọ́ ti èjìká tó ń dun òun.

Ìyá mi gba abẹ́rẹ́ náà. Oṣù díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, nígbà ìrun Alásárì, ìyá mi ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ògiri mú, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ẹní. Ó wà níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré gbá a lápá mú. Ó fi ìgúnpá tì mí.

Nígbà tó sàlámà, tó kírun tán, omijé ti bo ojú mi. Ó wò mí.

“Kí ló ń lé ẹ? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí onílé tó wá gbowó ilé. Jẹ́ kí n bẹ̀ Ẹ́.”