Bí Abẹ Ṣe Kọ́ Èébú Gbígbé Mì

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2024, obìnrin kan tó ń fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì ìlú kùnà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ awakọ̀. Mo ti fojú ara mi rí èsì rẹ̀. Òun ló mọ ọkọ̀ wà jù lọ nínú àwọn tó wá, ó mọ gbogbo àmì ojú pópó, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń dán sùúrù wò, òdo ló gbà.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá á ṣe bí èrò ọkọ̀ tínú ń bí, á máa bú ẹni tó ń wáṣẹ́, wọ́n á sì wo ohun tí onítọ̀hún máa fi dáhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá náà sọ fún un pé orí rẹ̀ dà bí orí ẹja gbígbẹ.

"Ẹ ṣeun, sà," lòun náà wí. "Ó kéré tán, irun ṣì gbà láti jókòó sórí tèmi."

Ọ̀gá náà pá. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

Abẹ ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì, nítorí bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń gé èèyàn. Kò bínú sí orúkọ náà rí. Ṣùgbọ́n ìgbà méjì péré ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà kí èèyàn wá dán ara rẹ̀ wò. Bó bá tún kùnà, bọ́ọ̀sì ni yóò máa fọ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún bàtà ṣe, gbà á nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá bú u, kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara rẹ̀. Ó dán an wò lára oníbàárà ọkọ rẹ̀ kan tó bú u. Kò tíì dórí èjì tó ti dá a lóhùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá dá sí i. Màmá ti ṣe aṣọ́nà ilé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. "Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́," ló wí. "Èébú ni yóò wo èébú sàn."

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, n kò gbà á gbọ́. Mo bi ọkọ, mo bi ọmọbìnrin wọn, mo tún bi aládùúgbò tí ògiri rẹ̀ kan tiwọn. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Aládùúgbò tiẹ̀ ní òun rò pé ilé náà ló fẹ́ tú.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n á to àga sí pálọ̀ bíi ti inú bọ́ọ̀sì. Abẹ á jókòó síwájú, á di ọmọrí ìkòkò mú bí ẹni ń yí ọkọ̀. Ọkọ àti ọmọ á wà lẹ́yìn. Màmá á wá wọlé, á gbá báàgì mọ́ra.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé ò ń gbọ́? Àbí o kàn fi etí yẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ ni?"

"Màmá, èmi..."

"Ta ni màmá ẹ? Ṣé mo lè bí irú ẹ? Ò ń wakọ̀ bí ìgbín tó ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ sè é."

Ọmọbìnrin wọn bú sẹ́rìn-ín. Abẹ yíjú padà. "Ìgbín yẹn náà lẹ wọ̀, mà."

"O ti kùnà," Màmá wí. "Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni Màmá fi kún un: "Bí wọ́n bá ń bú ẹ, ojú ọ̀nà ni kó o máa wò. Ojú ọ̀nà ò bú ẹ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ èyí tó wọ Abẹ lákínyẹmí ara. "Ìwọ tó ń fọ ọkọ̀, ta ló tàn ẹ́ pé ẹni tó ń fọ àwo ló ń jókòó sídìí tábìlì?"

Ọmọrí ìkòkò bọ́ sílẹ̀. Ọkọ dìde. "Màmá, ó tó."

Abẹ ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn ń wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í pariwo. Níbo lẹ ti rí gbogbo èébú yìí?"

"Wọ́n fi bú mi ni," Màmá dáhùn. "Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àwọn tí èèyàn wọn ń ṣàìsàn ò mọ ẹni tí wọn ì bá bú, èmi ló sì wà nítòsí. Mo gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ọ̀rọ̀ àwo tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn, ọ̀gá kan ló sọ ọ́ sí mi, lọ́jọ́ tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N ò padà lọ béèrè mọ́." Ó tún báàgì rẹ̀ gbá mọ́ra. "Ìwọ, wàá padà lọ."

Abẹ mú ọmọrí ìkòkò nílẹ̀. "Ẹ jókòó dáadáa, mà. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá tó pá náà ló tún kò lójú. Ó ti múra dè é. Ó ní ọkọ̀ rẹ̀ ń fà, ó ní ojú rẹ̀ le, ó ní ìdí àdògán ló yẹ kó wà. Mo bi ọ̀gá náà fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́. "Gbogbo èyí tó wà lẹ́nu mi ni mo sọ," ó wí. "Iwájú ló kàn ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé èébú mi ò jinná. Ó wá ní, 'Ẹ má bínú, sà. Ẹ rọra jókòó, màá já yín sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn.'"

Gbogbo máàkì sùúrù ni wọ́n fún un, wọ́n sì fún un níṣẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ Abẹ bóyá inú rẹ̀ ò tiẹ̀ ru díẹ̀.

"Ẹni tó ti jẹ ata wẹẹrẹ lọ́wọ́ Màmá," ló wí, "kí ni tàtàṣé fẹ́ fi í ṣe?"

Mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé èrò, torí pé mo fẹ́ rí i kí n tó kọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọ ọkọ̀ tò sẹ́nu géètì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi kànìnkànìn tó rin gbindin júwọ́ sí i. Orí àga tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ni Màmá jókòó sí, ó gbá báàgì mọ́ra. Nígbà tí iná pupa tàn, bọ́ọ̀sì náà dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé omi lọ́wọ́, kò ní dà. Màmá na ọrùn, ó gbé ohùn tí kì í gbé sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́. Èjìká Abẹ ń mì fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Dẹ́rẹ́bà yìí, ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ níṣẹ́?"