Àwo Wòlíì

Epo ń hó lórí sítóòfù, mósà ń wú nínú rẹ̀, màmá àgbà sì ń ké ewì wòlíì wọn pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú, nígbà tí ààfáà mọ́ṣáláṣí wa yọjú sí kíṣìnì wa ní Becontree Heath, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tó máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà ní pálọ̀, wọ́n ń gbè é.

Wòlíì ọ̀hún, ẹni mímọ́ nínú Ìsìláàmù, jẹ́ Súfì tó ń fi ìfẹ́ wá Ọlọ́run, ó tún jẹ́ akéwì, ó ti kú ní ilẹ̀ Páṣíà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Màmá ní ọmọ olówó ni, ó fi ọrọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń sùn ní aginjù, ó sì ń pe Ọlọ́run ní Olùfẹ́. Wọ́n tún ní kìnnìún máa ń ṣọ́ ọ tó bá ń kírun. N kò gba ti kìnnìún yẹn gbọ́ nígbà náà, n kò sì gbà á gbọ́ dòní. Ohun tí mo fojú rí ni àwo. Wọ́n ní wòlíì kì í jẹun kí aládùúgbò rẹ̀ tó jẹun, nítorí náà mósà tó bá kọ́kọ́ jinná, màmá á kó o sínú àwo kan, wọ́n á gbé e lọ fún ìyá òyìnbó tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ààfáà béèrè ta ló ni àwo tó dá wà lọ́tọ̀.

"Ti wòlíì ni," ni màmá wí, wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó ní òkú kì í jẹun, ẹbọ nìyẹn. Màmá ní aládùúgbò ló máa jẹ ẹ́, kò gbọ́. Ó ní àfojúdi ni kéèyàn máa pe Ọlọ́run ní Olùfẹ́.

"Àlàájà, ṣé ọkọ yín ni Ọlọ́run ni?"

"Ọkọ mi ò tó bẹ́ẹ̀, ààfáà. Ẹ bi wọ́n ní pálọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé e mì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ààfáà wàásù nípa ilé kan tí wọ́n ti ń bọ òkú. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ òun padà, òmíràn ní orúnkún ń dun òun. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́. Bàbá mi, ọmọ bíbí inú wọn, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ewì náà sílẹ̀ nítorí ẹnu ayé. Láti ìgbà náà, balùwẹ̀ ni màmá ti ń ké ewì wọn, wọ́n á ṣí omi sílẹ̀ kí ọmọ wọn má baà gbọ́.

Mo tún pàdé ewì yẹn ní yunifásítì. Olùkọ́ wa yìn ín bí ewì ìfẹ́ lásán, kò mẹ́nu kan ìrun rárá. Ààfáà fẹ́ Ọlọ́run láìsí ìfẹ́, olùkọ́ fẹ́ ìfẹ́ láìsí Ọlọ́run. Ẹni tó ń ké méjèèjì pọ̀ ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí màmá kú, ààfáà yìí kan náà ló kírun sí wọn lára. Ó ní obìnrin rere ni, tó máa ń bọ́ aládùúgbò. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Àṣé ó mọ̀ pé aládùúgbò ló ń jẹ oúnjẹ inú àwo yẹn. Ó ti mọ̀, kò sì padà wá sọ ọ́ níbi tó ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Mo ń ké ewì náà sókè nínú ilé mi báyìí. Ìbínú ṣì wà nínú ohùn mi. Kò yẹ kó wà nínú irú orin bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Àwọn ará ilé ní kí n dárí ji ààfáà àtàwọn yòókù. Mo ti gbé e yẹ̀ wò dáadáa. N kò tíì rí ẹni tó tọrọ àforíjì.