Lẹ́tà Láti Abúlé Tí Wọ́n Ti Ṣe Mọ́tò Bàbá Mi

Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo fẹ́ sọ èyí ná kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí odidi àdúgbò Bẹyẹrúnká ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń gba ojúde wa kọjá lọ sí Ọjà'ba á dúró, wọ́n á wo mọ́tò tó wà lábẹ́ igi ọ̀dán, wọ́n á ní, "Bàbá Onímọ́tò, ẹ ò tíì gbéra?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé òun mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, mo sì panu mọ́.

Alágbẹ̀dẹ ni, alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí i. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni wọ́n ti ń fín ẹwìrì. Ilé alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan nígbà náà ló ní àmì tirẹ̀ tó ń tẹ̀ sára iṣẹ́. Ìlà mẹ́ta ni tiwa. Bí ọkọ́ tàbí àdá ẹnikẹ́ni bá ṣẹ́, ilé tí àmì rẹ̀ wà lára irin náà ni yóò gbé e lọ. Ìbáà jẹ́ pé ẹni tó rọ ọ́ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò tún un ṣe, wọn kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Alágbẹ̀dẹ mìíràn kò ní fi òòlù kàn án, àfi bí ilé tó ni àmì bá ránṣẹ́ pé kó bá àwọn ṣe é. Ojú mi ló ṣe, tí bàbá mi dá àgbẹ̀ kan padà sí Ìsàlẹ̀ Òsì nínú òjò nítorí àdá kan ṣoṣo tí kò ní ìlà mẹ́ta lára.

Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi ló ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ló rọ géètì ilé rẹ̀, wọ́n sì di ojúlùmọ̀. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé pátápátá, ó ta mọ́tò fún un, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ abúlé òun ni, pé ìdílé kan àti àwọn aládùúgbò wọn ló ń ṣe é. Kò sọ fún un pé kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Ìbàdàn. Títí di òní, bí mo bá rántí ọkùnrin yẹn, inú mi kì í dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdílé kan àti aládùúgbò ló wọ bàbá mi létí. Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó rí irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n tẹ orúkọ abúlé náà sí, ó pe ìyá mi kó wá wò ó. "Àmì wọn nìyí," ló wí. "Alágbẹ̀dẹ bíi tiwa ni wọ́n."

Mọ́tò náà rìn fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ó ń kó irin wá sílé, ó ń gbé ìyá mi lọ sọ́jà, torí ẹsẹ̀ ìyá mi máa ń wú. Ó tilẹ̀ gbé ìyàwó méjì relé ọkọ. Lọ́jọ́ kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó, apá irin tó so sítíárìn mọ́ táyà iwájú ṣẹ́ sí méjì, mọ́tò lọ forí sọ ògiri ilé kan. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Wọ́n tì í wálé, mẹkáníìkì wá wò ó, ó ní irin mọ́tò mìíràn kò lè bá a mu, kí wọ́n jẹ́ kí òun jó èyí tó ṣẹ́ pọ̀. Bàbá mi ní rárá.

Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ lè rọ nǹkan yìí kílẹ̀ ó tó ṣú."

"Mo lè rọ ọ́," bàbá mi dá a lóhùn. "Ta ló ní kí n rọ ọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi nìkan ni mo ń lọ sílé ìwé nínú àwọn ọmọbìnrin agboolé wa, ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́, kí n lọ máa bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ta aṣọ ní Gbági. Ìyá mi ti di ẹrù mi. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bàbá mi wá nílò ẹni tí yóò kọ̀wé sí abúlé àwọn òyìnbó yẹn. Kò fẹ́ àwọn akọ̀wé tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ní Mápó, ó ní wọ́n máa ń fi tiwọn kún ọ̀rọ̀ ẹni. Ó ní ọmọ tí òun bí kò lè purọ́ fún òun. Ó ní kí n máa lọ sílé ìwé títí irin náà yóò fi dé.

Títí irin yóò fi dé. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ìyá mi sì tú ẹrù mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé àgbẹ̀dẹ, ó ń sọ, mo ń kọ. "Kí wọn dáadáa. Béèrè àlàáfíà ilé wọn. Wí fún wọn pé iṣẹ́ wọn ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n ò fi òòlù kàn án. Kí wọ́n rọ òmíràn ránṣẹ́ sí mi, bí kò bá sì rọrùn fún wọn, kí wọ́n ní kí n bá wọn rọ ọ́." Tíṣà mi bá mi tún èdè òyìnbó rẹ̀ ṣe, ó sì jẹ́ kí n fi àdírẹ́sì ilé ìwé wa sí i.

Èsì dé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo dé Bẹẹrẹ lọ́nà ilé, ara mi kò gbà á mọ́, mo dúró ti ògiri kan, mo ṣí i. Ìwé ojú kan ni, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì mọ́ dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ ní ilé iṣẹ́ àwọn ti tì pa, àwọn òṣìṣẹ́ ti túká, òun nìkan ló kù tí òun ń palẹ̀ ìwé mọ́. Ó ní irin kankan kò sí nílẹ̀ mọ́. Ó wá ní kí n sọ fún bàbá mi pé alágbẹ̀dẹ ló rọ irú irin yẹn fún àwọn níbẹ̀rẹ̀, pé alágbẹ̀dẹ tó bá mọṣẹ́ lè rọ ọ́, pé kó rọ ọ́, àwọn fún un láṣẹ pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé padà kí òun lè mọ bó ṣe rí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju Gbági lọ. Bí bàbá mi bá gbọ́, yóò rọ irin lọ́la, mọ́tò yóò gbéra lọ́tùn-únla, èmi yóò sì máa ká aṣọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé, ó ń ṣàlùwàlá ìrun alásàrí. Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó gbé kẹ́tù sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n kí yín o, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ ṣe sùúrù, àwọn ń rọ ọ́ lọ́wọ́."

"Wọ́n ní kí n bá wọn rọ ọ́?"

Ǹ bá dúró níbẹ̀. Ǹ bá ní wọn kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Mo ní, "Rárá o. Wọ́n ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án."

Inú rẹ̀ dùn. Èyí ni kò kúrò lára mi títí di òní, pé inú rẹ̀ dùn. Ó mi orí, ó ní, "Alágbẹ̀dẹ gidi ni wọ́n," ó sì padà sídìí omi rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, irọ́ di iṣẹ́ fún mi. Lọ́dọọdún ni yóò pè mí, yóò sọ, èmi yóò kọ, n ó mú un jáde bí ẹni ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, n ó sì fà á ya sínú omi Ògùnpa. Bó bá pẹ́ díẹ̀, n ó mú àpò ìwé àtijọ́ yẹn jáde, n ó ka èsì tuntun tí mo fi orí ara mi rò. Mo ní irin wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Mo ní òtútù pọ̀, iná kò jó dáadáa. Ọdún kan tí mi ò rí nǹkan sọ, mo ní àgbà alágbẹ̀dẹ wọn ń ṣàìsàn. Bàbá mi lọ bá lèmọ́mù lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kí wọ́n bá òun tọrọ àlàáfíà fún un. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló ṣàmín, ìyá mi náà ṣàmín. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn lọ sọ́jà, ó ń jókòó lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó délé.

Irin kò dé, mo sì ń lọ sílé ìwé. Mo dé ìwé mẹ́fà. A gba òmìnira, wọ́n fún wa ní ife alásíá, mo mú tèmi wálé, bàbá mi ní ṣé òmìnira yìí kò ní dí ọ̀nà irin òun. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo wọ ilé ìwé girama àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, gbogbo ẹbí kọ̀ jálẹ̀. Òun nìkan ló gbà. Ó ní, "Tóo bá débẹ̀, lọ bá àwọn èèyàn wa. Fi ojú rẹ rí wọn. Kí wọn fún mi."

Ó lé lọ́dún méjì tí mo dé ìlú wọn kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ lọ sí abúlé náà. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo wọ rélùwéè, mo tún wọ bọ́ọ̀sì. Abúlé náà kò tó nǹkan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ṣọ́ọ̀bù kan, ilé díẹ̀. Bẹyẹrúnká nìkan á gbé e mì. Ilé iṣẹ́ náà ṣì wà ní ìparí òpópónà, ilé gbọọrọ onípáánù, orúkọ tó wà lára irin pẹlẹbẹ inú mọ́tò wa ṣì hàn fírífírí lára ògiri rẹ̀. Adìyẹ ló kún inú rẹ̀. Adìyẹ funfun, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀, òórùn ìgbẹ́ wọn ń tú jáde. Ibi tí bàbá mi ti ń kọjú sí fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nìyẹn.

Obìnrin tó ń kó ẹyin júwe bàbá arúgbó kan fún mi nínú ilé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ní bàbá náà ló kúrò nílé iṣẹ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo dárúkọ Ìbàdàn, baba náà di ẹnu ọ̀nà mú.

"Ṣé bàbá yín rọ ọ́?" Ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ó ní òun dúró de ìdáhùn, kò dé, òun rò pé inú ló bí i sí àwọn. Ó mú mi lọ wo ilé onípákó kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì sí. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé alágbẹ̀dẹ ni baba àgbà ẹni tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tà á, wọ́n ti kó lọ sígboro, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń di òòlù mú mọ́. Mo dúró síbẹ̀. Bàbá mi kò ṣìnà rárá nípa wọn. Alágbẹ̀dẹ bíi tiwa ni wọ́n.

Mo sọ fún baba náà pé, "Ó rọ ọ́, sà. Mọ́tò náà ń rìn dáadáa." Inú òun náà dùn. Ó fún mi ní ẹyin mẹ́fà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ sínú igbó níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, bàbá mi ti darúgbó, apá rẹ̀ ti fọn. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí mi. Ó ní, "Irin dà?"

Mo kúnlẹ̀. Mo mú lẹ́tà náà jáde nínú àpótí, òun nìkan ni n kò fà ya, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Kò pariwo. Ó ní, "Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́." Mo kà á. Ó ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Ó béèrè ọdún tí wọ́n kọ sí i lórí, mo sọ ọ́, ó sì dìde lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá dúpẹ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti rọ irin náà tán. Ó gbé e wọ abẹ́ mọ́tò, ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ó wọ inú mọ́tò, ó jókòó, ó yí sítíárìn, àgbá táyà tí rọ́bà ti jẹrà lára rẹ̀ yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Èkúté ti fi ìjókòó ṣe ilé. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ mọ́tò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kan ilẹ̀.

Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó lọ sídìí ògiri, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Bàbá mi pe ọmọbìnrin ará ilé kejì tó wà nílé ìwé girama. Èmi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òyìnbó lọ́rùn mi. Ó ní, "Bá mi kọ ọ́ pé lẹ́tà wọn tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí. Pé mo ti rọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n rọ ọ́. Kí wọ́n má bínú pé ó pẹ́, ọ̀nà ló jìn." Ọmọ náà kọ ọ́ tán, ó kà á fún un ní Yorùbá. Ó ní kó máa lọ. Ó wá ránṣẹ́ pe ọmọ mìíràn láti ìta, ó fi ìwé kan náà lé e lọ́wọ́ pé kó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó tẹ́tí sí i títí dé òpin. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bára mu.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀."

Ó ká ìwé náà sínú àpò, ó dé fìlà, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ sí Dùgbẹ̀ fúnra rẹ̀.