Lẹ́ǹsì Gígùn àti Àfẹ́sọ́nà Mi

Ìró kámẹ́rà dókítà ehín yẹn ni mo kọ́kọ́ kórìíra, kí n tó wá kórìíra òun fúnra rẹ̀. Tèmi máa ń dún lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Tirẹ̀ á máa dún ra-ra-ra bí òjò lórí páànù, àfẹ́sọ́nà mi á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré ni mo ní ní Ring Road nígbà náà, mò ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ti ìgbéyàwó. Àfẹ́sọ́nà mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó kọjú sí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kámẹ́rà mímú, èmi náà ni mo kọ́kọ́ mú un lọ sí àbàtà kan lẹ́yìn Akobo láti lọ ya lékèélékèé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ fi wọ̀ ọ́ lára ju bó ti wọ̀ mí lọ. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, a ó ti lúgọ sínú koríko, a kò ní sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìfẹ́ ni à ń ṣe. Lójú tirẹ̀, ẹyẹ ni à ń wò.

Ibẹ̀ ni dókítà ehín ti bá wa. Bodija ló ń gbé, kò tíì níyàwó, ó sì ní lẹ́ǹsì kan tó gùn tó apá ọmọdé, tó lè fa ẹyẹ òdìkejì omi wá síwájú imú ẹni. Ó jù mí lọ, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ó mọ̀wà hù pẹ̀lú, ìyẹn ló sì burú jù. Ká ní agbéraga ni, inú mi ì bá dùn. Á ní kí àfẹ́sọ́nà mi wo inú lẹ́ǹsì náà, á wá yíjú sí mi, á ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo ìyẹ́ ọrùn ẹ̀." Mo máa ń dáhùn pé mo ti rí i láti ibi tí mo wà. Irọ́ ni. Láti ibi tí mo wà, funfun lásán ni mò ń rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà, n kò ní lè sọ èyí tí mò ń jowú lé lórí jù, ọmọbìnrin náà ni tàbí lẹ́ǹsì náà.

Ìyá mi rí i pé mò ń rù. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹbí tètè lọ sí Ṣakí, ìlú àwọn òbí ọmọ náà, lọ tọrọ rẹ̀, nítorí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ ra lẹ́ǹsì. Àlòkù ni, ó gùn ju ti dókítà lọ, ó sì wúwo débi pé orí àpò iyanrìn ni mo ní láti gbé e lé kí n tó lè lò ó.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gba òdìkejì àbàtà lọ, mo ní ẹyẹ apẹja kan ni mò ń wá. Mo rí i lóòótọ́, ó bà sórí ọ̀pá kan tó yọ lójú omi. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì mi kúrò lára rẹ̀, ó rọra lọ sápá ọ̀tún, ó lọ bá àwọn méjèèjì. Èjìká kan èjìká ni mo bá wọn, irun àfẹ́sọ́nà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n dókítà. Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ya fọ́tò náà.

N kò dúró kí a délé. Nídìí ọkọ̀ níbẹ̀, lójú dókítà, mo na kámẹ́rà sí àfẹ́sọ́nà mi pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo sì sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Bọ̀dá mi, ibo ni dókítà dúró sí níbí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ."

"Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n wà. Ẹ wo ọ̀pẹ náà lẹ́yìn wọn. Etí omi lèmi wà." Ó nawọ́ sí i. Ọ̀pẹ náà jìnnà sí etí omi bí ilé kan ti jìnnà sí èkejì. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé lẹ́ǹsì gígùn máa ń fún nǹkan pọ̀. Ẹ ní tí lékèélékèé méjì bá fara kanra nínú fọ́tò, kí n má gbà pé wọ́n jọ wà."

Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo bi í pé ta ló wá ń mú un rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ni," ló dáhùn. "Mò ń wò yín bí ẹ ṣe ń bá àpò iyanrìn yẹn jìjàkadì."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò gbà láti wọ ọkọ̀ mi padà, ọkọ̀ dókítà ló gbé e délé. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá mi náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun kò lè fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ òun láti òdìkejì omi.

Tọkọtaya ni òun àti dókítà báyìí. Èèyàn dáadáa ni dókítà, ó máa ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi fáwọn aláìsàn rẹ̀, èyí náà kì í sì í jẹ́ kí n sùn dáadáa. Láìpẹ́ yìí, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn wá láti ya fọ́tò ẹbí. Mo tan iná, mo wo inú kámẹ́rà, mo rí i pé àyè tó wà láàárín wọn ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu mi tí mo ní kí wọ́n sún mọ́ra.