Ọ̀sán tí Ethelbert Quamina Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Paná Vessigny

Ní abúlé Vessigny, bí iná bá ti lọ báyìí, Ethelbert Quamina ni wọ́n máa bú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ amúnáwá tó wà létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì abẹ́ òkun yí ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́ta. Ohun tí àdúgbò mọ̀ nìyẹn. Bí igi wó lu wáyà o, bí ẹyẹ kú sórí òpó o, fèrèsé rẹ̀ ni Tántì Ursula, aládùúgbò rẹ̀, ń dúró sí.

"Bertie! Kí la ṣe fún ẹ? Ẹja mi ti ń rọ̀ nínú fíríìjì!"

"Tántì, ẹ ò rí i pé oúnjẹ ni mò ń jẹ?"

"Má jẹun mọ́. Dá iná wa padà!"

Ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ náà. Bó bá wọlé láàárọ̀, á kọ́kọ́ kí wọn, á wá tẹ́tí sí ìró wọn bí ìyá ṣe ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tó ń sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ aago tó ń fi agbára gáàsì hàn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó pe àwọn tó ń fi gáàsì ránṣẹ́. Wọ́n ní nǹkan bàjẹ́ lórí omi, àwọn ń tún un ṣe. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, Anjali Rampaul. Kò gbé fóònù. Ethelbert mọ̀ pé bí gáàsì ò bá tó ẹ̀rọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló máa kú lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á sì ṣú kí wọ́n tó jí padà. Àmọ́ bó bá pa ọ̀kan, méjì á rí jẹ.

Ó pe àwọn tó ń pín iná. "Mo fẹ́ pa ẹ̀kẹta. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa yọ iná rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ilé ìwòsàn o."

Wọ́n dárúkọ àwọn abúlé. Vessigny wà níbẹ̀.

Ó rántí ilé. Verlyn ìyàwó rẹ̀ ní kéèkì dúdú Kérésìmesì mẹ́jọ nínú ààrò oníná, àwọn èso inú rẹ̀ ti ń mu ọtí láti oṣù kẹjọ.

"Ẹ yọ ọ́," ló wí. Ó bá rọra pa ẹ̀rọ náà.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Bertie, wọ́n ti múná lọ! Kéèkì mi!"

"Verlyn, èmi ni mo pa á."

"Ìwọ Ethelbert Quamina?"

"Èmi ni."

Verlyn gbé fóònù sílẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni Ethelbert fi dúró ti ẹ̀rọ méjì tó kù, kò jẹ, kò mu. Gáàsì tún lọ sílẹ̀ sí i kó tó padà. Anjali wọlé tìbínú-tìbínú.

"Mísítà Quamina, ta ló fún yín láṣẹ?"

Ó na bébà tí aago gáàsì ń fa ìlà sí fún un. Anjali wo bí ìlà ṣe já wálẹ̀, ó jókòó.

"Ká ní ẹ dúró dè mí ńkọ́?"

"Ọ̀gá mi, gbogbo gúúsù ilẹ̀ yìí ni ì bá ti máa wá tọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ ṣeun," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, àárín kéèkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti rì. Verlyn kọ̀yìn sí i. Àfìgbà tí Tántì Ursula yọjú láti wá bú u ló tó lanu.

"Tántì, ẹ má bú ọkọ mi lójú mi o! Ilé ìwòsàn ò ṣókùnkùn lónìí. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni àbúrò yín ti ń fẹ̀rọ mí ni?"

Tántì Ursula rọra jókòó. Verlyn da ọtí sí ojú ibi tó rì lára kéèkì kan, ó gé e fún àwọn méjèèjì. Tántì jẹ ẹ́, ó tún na àwo rẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ tán, Ethelbert ti sùn lọ lórí àga, tòun ti bàtà iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó tú okùn bàtà náà, ó rọra bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.