Àjẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Ìdúró ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń tukọ̀ gbé wa sọdá odò Ògbèsè lọ sóko kòkó. Bó bá gbẹ́ àjẹ̀, á nawọ́ sókè, ibi tọ́wọ́ rẹ̀ bá dé ló máa gé e mọ.

Lẹ́yìn tí a gba Ìpínlẹ̀ Èkìtì, mo ra àjẹ̀ onírin tó ṣeé fà gùn, tó ṣeé tì kúrú, fún un.

"Ṣé eriá rédíò ni mo fẹ́ fi tukọ̀ ni? Gbé e re ulé!"

Ó sú mi! Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń tẹ̀, ló ń fi ayùn gé àjẹ̀ igi rẹ̀ kúrú. Tèmi ṣì wà nínú ọ̀rá.

Nígbà tó kú, mo gbé igi náà nàró: kò dé iwájú orí mi. Ọkùnrin tó jẹ́ pé orí èjìká rẹ̀ ni mo ti ń wo odò rí!